Ilé Ṣùnmọ́nù ní Òkè Balógun

Wọ́n ní kí n lọ wò ó bóyá ó ṣì jẹ́ ara rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé tó rán mi níṣẹ́ ṣe sọ ọ́:
ǹjẹ́ ilé yìí ṣì ni ilé yìí?
Mo mú téèpù, mo mú bírò, mo gba Ìtóìkín,
mo dé Ẹ̀pẹ nígbà tí àwọn apẹja ń sá àwọ̀n.

Ojú ilé ló kọ́kọ́ mú mi lójú.
Fèrèsé márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀,
orí wọn tẹ̀ bí ìpéǹpéjú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí,
òdòdó lórí òpó kọ̀ọ̀kan,
iṣẹ́ ọwọ́ Agùdà, tàbí ti ọmọọṣẹ́ wọn kan
tó rí irú òdòdó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo
tó sì fi ewé ẹ̀gẹ́ parí ibi tó gbàgbé.
Mo kọ ọ́: ìrísí, ó pé.

Ṣùgbọ́n pánù aláwọ̀ ewé ló wà lórí,
ọmọ wọn tó wà ní Jámánì ló fowó rẹ̀ ránṣẹ́.
Mo kọ: òrùlé, kì í ṣe ti àtijọ́.
Mẹ́ta nínú fèrèsé ti di onígíláàsì. Mo kọ ọ́.
Símẹ́ńtì bo ẹsẹ̀ ògiri dé orúnkún mi,
amọ̀ ń làágùn lábẹ́ rẹ̀, kò ríbi mí.
Ìyẹn, tìbínú tìbínú ni mo fi kọ ọ́.

Ìyá Ráliátù jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò mí
bí ẹni tó ń wo dókítà tó ń tẹ ikùn ọmọ rẹ̀.
Mo fi etí kọ́bọ̀ ha ògiri pálọ̀:
búlúù jáde, lábẹ́ búlúù, ẹfun,
lábẹ́ ẹfun, pupa bí ilẹ̀pa.
Ó ní, "Búlúù yẹn, ọdún tí bàbá mi ti Mẹ́kà dé ni.
Funfun yẹn, ọdún tí ìyá wọn kú.
Pupa yẹn, wọn ò tíì bí mi.
Má ha á mọ́."

Mo lọ síbi ilẹ̀kùn.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ igi, ẹ bá mi wò ó:
ìrókò gidi, abala méjì,
ẹja àrọ̀ mẹ́rin ń lé ara wọn yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká,
ìrù wọn ń dán nítorí ọwọ́, ọwọ́, ọwọ́.
Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé ọkàn ilé rèé,
kí n tó rí i pé kò bá férémù rẹ̀ mu.
Àlàfo ìka méjì wà lókè,
pákó ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi dí i,
ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Èjìnrìn ló ti wá.
Nígbà tọ́jà ibẹ̀ tú, tónílé ń ṣí lọ,
bàbá mi gbà á dípò gbèsè ẹja gbígbẹ.
Ọkọ̀ tó gbé e wá ni wọ́n ya pákó yẹn lára rẹ̀.
Ṣáájú ìgbà náà, ẹní la fi ń dí ẹnu ọ̀nà."

Bírò mi dúró.
Ìwé náà láyè fún ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó láyè fún àfikún.
Kò láyè fún ilẹ̀kùn tó wọlé bí ìyàwó,
tó wá di ẹni tí wọ́n fi ń júwe ilé.

Yàrá kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo ti kọ ọ́: àfikún, kò níyì, ẹ lè wó o.
"Níbí la ti bẹ̀rẹ̀," ni ìyá wí.
"Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn nígbà tí wọ́n ń kọ́
iwájú tí ò ń yìn."
Ojú ìka wà lára amọ̀ rẹ̀.
Mo fi àtàǹpàkò mi sínú ọ̀kan. Ó gbà mí, ó ṣẹ́ kù.

Mo fa ohun tí mo kọ rẹ́. N kò ì tíì fi nǹkan rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà tí mò ń lọ, ilẹ̀kùn há mọ́lẹ̀,
bó ti máa ń há lásìkò òjò.
"Gbé e sókè díẹ̀ kó o tó fà á," ni ìyá wí.
Mo gbé e. Ó ṣí.